Àga Tí A Yá fún Àlejò

Agbo ilé Sàlámì,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Abdulmajeed ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ṣé ara le? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, o mọ̀ pé òkè Mápó kì í ṣàánú arúgbó.

Má bínú pé ìwé ni mo tún kọ. O ní kí n máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù Ìyá Grace kí o lè máa gbọ́ ohùn mi. Mi ò fẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ sínú fóònù, kì í rí i tọ́ka sí lọ́jọ́ tí ìjà bá dé. Mutmainnah ọmọ rẹ ni mo ń sọ ọ́ fún, òun ló ń kọ ọ́, Ìyá Grace tó háyà yàrá òdìkejì wa yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ bó ti máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo mú wá. O rántí ìdánwò tí Mutmainnah lọ ṣe ní ilé-ìwé àwọn ọlọ́lá lápá Bódìjà? Ẹgbẹ́ kan ló ní kí ọmọ mẹ́wàá lára ọmọ aláìní wá kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láti kíláàsì kìíní títí wọn yóò fi jáde. Ọmọ irinwó ló jókòó. Ọmọ rẹ ló ṣe ipò kejì. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn, tí mo ń fi owó ìgò òfìfo tí mò ń tà ní Ọjà'ba tọ́, òun ló ṣe ipò kejì nínú irinwó. (Bàbá, máàkì kan péré ni ẹni tó ṣe ipò kìíní fi jù mí lọ. Èmi Mutmainnah ni.) Ó ti fi tirẹ̀ bọ̀ ọ́, mo rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Ó ku ẹyọ ohun kan. Wọ́n ní àwọn yóò wá wo ilé tí ọmọ ti jáde wá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni. Ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí o mọ bí ilé yìí ṣe rí. Òrùlé ń jò, ìgò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ bámúbámú, àga kan ṣoṣo tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ṣùgbọ́n má ṣèyọnu, mi ò ní dójú tì ọ́. Fọ́tò tí o yà níbi tí o ti fara ti mọ́tò dúdú rẹ yẹn, mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Bẹẹrẹ, kó tóbi dáadáa, ó ti wà lọ́dọ̀ onífírémù. Àárín pálọ̀ ni màá gbé e kọ́, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ náà ní baba.

Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Sìdíkátù.


Bradford.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Ìyá mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí yín púpọ̀, mo kí ẹsẹ̀ yín náà. Mutmainnah, o kú iṣẹ́, o ṣe bẹbẹ. Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ìwé yín dé, mo jókòó lé garawa, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, omi ń bọ́ lójú mi.

Ìyá, ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó ń bọ̀ yẹn, ẹ má tún nǹkan kan ṣe nítorí wọn. Ẹ fi ilé sílẹ̀ bó ṣe wà. Òrùlé tó ń jò, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Ìgò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ aláìní ni wọ́n ń wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a nílé.

Mo mọ̀ yín ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Fákọ́lá, olùkọ́ mi, wá kí wa nígbà tí mo fẹ́ jáde ilé-ìwé. Ẹ lọ yá abọ́ tánganran, ẹ bu ìrẹsì àti ẹran fún un, odindi ọ̀sẹ̀ la fi mu gàrí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ fún wọn lómi, kó tán síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Abdulmajeed.


Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Abdulmajeed ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Òní Jímọ̀ ni ìwé rẹ tó dé ọwọ́ wa. Dátà Ìyá Grace ló tán láti Ọjọ́rú. Àwọn àlejò ti wá lánàá, wọ́n ti lọ, Ọlọ́hun sì ṣe é, a kò tẹ́.

Jẹ́ kí n ròyìn fún ọ. Láti Ọjọ́rú la ti ń kó ìgò, gbogbo rẹ̀ pátá, a kó o sí yàrá Ìyá Grace, a da aṣọ bò ó. Ìyá Grace ṣe gudugudu méje. Ó gbé àga rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, àwọn onígi tó ní tìmùtìmù pupa yẹn. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì wá, ó gbé tẹlifíṣọ̀n wá, a tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí. Abẹ́ ibi tó ń jò gan-an la gbé tẹlifíṣọ̀n sí, mo ń fi gbogbo ọjọ́ bẹ Ọlọ́hun kí òjò má rọ̀. Adìyẹ tí mo fẹ́ fi ṣe Iléyá, mo pa á fún wọn. Mo ra mínírà tútù.

Àwọn méjì ló wá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah àti ọmọdébìnrin kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n là á. Ọkùnrin náà bi mí níbi tí baba ọmọ wà. Mo ní o wà ní ìlú òyìnbó, o ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó dìde, ó wo fọ́tò rẹ pẹ́. Ó ní, "Ìyá, ṣé mọ́tò wọn nìyẹn?" Mo ní, ta ni ìbá tún ni ín? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo kú oríire ọmọ. Ọmọdébìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ohun tí o kọ, pé kí n fi ilé sílẹ̀ bó ṣe wà, ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Ta ló ń tú aṣọ kí àlejò tó wọlé? Mo ṣe tán, ojú kò tì wá. Ó ku kí a máa retí èsì. (Bàbá, wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo ti há ìtàn Ìbàdàn sórí dè wọ́n.)

Èmi ìyá rẹ,
Sìdíkátù.


Bradford.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Ìyá mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ọdún Iléyá, ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé. Mo ti kí yín. Bí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bá dùn yín, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, inú á bẹ́ mi.

Inú ń bí mi. Láti Jímọ̀ ni inú ti ń bí mi. Wọ́n ní kí ọmọ aláìní jáde wá, ẹ wá di Alhaja mọ́ wọn lójú. Àga mẹ́rin. Kápẹ́ẹ̀tì. Mínírà tútù. Ẹ kó ìgò tí ẹ fi ń jẹun pamọ́ bí ẹni pé ẹ jí i gbé. Ìgò yẹn gan-an ni ẹ̀rí tí wọ́n ń wá bọ̀, Ìyá, òun lẹ da aṣọ bò.

Ẹ ò mọ ìdí tí Ọ̀gbẹ́ni Fákọ́lá fi wá sílé wa lọ́jọ́sí. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí. Ẹnìkan ló fẹ́ bá ọmọ kan ṣoṣo san owó ìdánwò àṣejáde, olùkọ́ mi sì fẹ́ kí ó jẹ́ èmi, ó wá wò bóyá lóòótọ́ ni a kò ní. Ó bá ìrẹsì nínú tánganran. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Majeed, ilé yín kò burú, ẹlòmíràn ló nílò rẹ̀ jù." Ọmọ tí wọ́n san án fún ti di dókítà. Èmi rèé. Èmi náà ṣe ipò kejì rí, Ìyá.

Ọmọ olówó kì í kọ́kọ́ ṣe ìdánwò kí wọ́n tó fún un ní tábìlì. Wọn kì í wo òrùlé ìyá rẹ̀, wọn kì í ṣí ìkòkò rẹ̀ wò. Tiwa á ṣe ipò kejì nínú irinwó tán, wọ́n á tún wá wo bí ìṣẹ́ wa ṣe jinlẹ̀ tó kí wọ́n tó gbà pé ó yẹ lẹ́ni tó ń kàwé. Àwọn ni inú ń bí mi sí jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ bá wọn tì í lulẹ̀.

Ẹ padà lọ bá wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ yá àga. Ẹ lọ kí ó tó bọ́ sórí.

Abdulmajeed.


Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, ọdún 2024.

Abdulmajeed,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ nítorí pé ẹ̀sìn ní kí n kí ọ. Ó lé ní oṣù kan tí mo ti gba ìwé rẹ, mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni, kí n má baà fi ẹnu ara mi ṣẹ́ èpè.

Ṣé o mọ ẹni tó ka ìwé ìbínú rẹ sí mi létí? Ọmọ rẹ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó dé ibi tí o ti pè mí ní Alhaja, ó dákẹ́. Mo ní kó máa kà á lọ. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní mo tì í lulẹ̀, ó ní, "Ìyá, ó tán." Mo mọ̀ pé kò tán, mo rí i pé ìwé ṣì kù nísàlẹ̀. Mo ní kó kà á. Ó kà á tán. Ohun tí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ nìyẹn, ọmọ rẹ lo sì dì í rù.

Ọ̀rọ̀ Fákọ́lá, mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ yìí wá lo fi gbé e sínú, o wá ń fi nà mí lónìí tí mi ò lágbára àtisá mọ́. Ká ní o sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn dé ilé rẹ̀, màá sọ fún un pé àwìn ni ìrẹsì yẹn. Èmi ò kàwé, Abdulmajeed. Ohun tí mo mọ̀ ni wọ́n kọ́ mi. Ìyá mi a máa gbé omi lásán ka iná lọ́jọ́ tí kò bá sí nǹkan tí yóò sè, kí èéfín lè máa rú, kí ojúlé kejì má baà mọ̀ pé ebi ń pa wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́ ọ. Ta ló sọ fún mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ní kí n ṣí ìkòkò kí ọmọ mi tó kàwé?

Mo lọ bá wọn bí o ṣe wí. Lọ́jọ́ kìíní, mẹ́gáàdì ò jẹ́ kí a wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọdébìnrin tó bá wọn wá yẹn jáde, ó fún wa ní èsì tí wọ́n ti kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mutmainnah túmọ̀ rẹ̀ fún mi lórí ìdúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ní orí ọmọ náà pé. Wọ́n ní ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ń gbé ìlú òyìnbó, ó sì ní mọ́tò bọ̀gìnnì, nítorí náà kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́.

Mo ní kó tún un kà. Mo ní kó wá àga fún mi nínú rẹ̀, kó wá kápẹ́ẹ̀tì, kó wá adìyẹ. Kò sí níbẹ̀. Mọ́tò rẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wá ní kó tún ìwé ìbínú rẹ kà fún mi. O bínú sí àga, o bínú sí mínírà, o kò dárúkọ fọ́tò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ mo sọ fún ọ pé ọkùnrin náà dúró tì í pẹ́.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí mọ́tò náà bá jẹ́ tìrẹ, tà á, kí o fi rán ọmọ rẹ nílé-ìwé yẹn. Bí kì í bá ṣe tìrẹ, sọ fún mi.

Sìdíkátù.


Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Abdulmajeed,

Wàá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé ti yàtọ̀. Ìyá Grace ló ń bá mi kọ èyí. Mutmainnah ní òun kò kọ̀wé mọ́. Mo fún un ní bírò, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi ìwé ṣe. Àwọn ìwé tó lò ní kíláàsì kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó kó wọn tà fún elépà kó máa fi pọ́n ẹ̀pà. Mo sáré lọ gbà wọ́n padà ní Ọ̀rányàn, méjì ti tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé, o ò fèsì. Ìbéèrè mi kò ṣòro.

Níbi tí mo ti lọ gba ìwé yẹn ni mo ti gbọ́ èyí tó lé oorun lójú mi. Ìyá Elépà yẹn, oníbàárà mi ni, òun ló ń ra ìgò lọ́wọ́ mi jù. Ó bi mí pé kí ló dé tí ọmọ fi ń ta ìwé, mo ṣàlàyé. Ó ń wò mí. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹgbẹ́ tó wá wo ilé lóṣù kẹfà lẹ̀ ń sọ?" Mo ní àwọn ni. Ó wólẹ̀, ó ní kí n foríjì òun. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláyínká, tó ní ilé epo, ló wá bá a pé kó yá òun ní yàrá rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ó ní eré ni àwọn fẹ́ yà. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wá nínú jíìpù, ọmọ náà bọ́ bàtà sínú ọkọ̀, ó wọ aṣọ ọmọ Ìyá Elépà tó ti ya léjìká, ó jókòó sórí ẹní. Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah wọlé, ó wò ó, àánú ṣe é. Ọmọ náà ti rí àyè gbà. Kò tilẹ̀ sí nínú ogún ọmọ àkọ́kọ́ nígbà ìdánwò.

Ṣé o gbọ́? Èmi yá ọlà fún wákàtí méjì, olówó yá ìṣẹ́ fún wákàtí méjì. Tèmi mú mi, tirẹ̀ gbè é. Àní ìṣẹ́ tí a ní náà, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ wa nígbà tí èrè wọ̀ ọ́.

(Bọ̀dá Majeed, èmi Rachel, ìyá Grace, ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìyá lóhùn. Àwọn àga yẹn, tí mo bá wò wọ́n nínú yàrá mi, ara mi kì í gbà á. Ọmọ yẹn kì í báàyàn sọ̀rọ̀ mọ́.)

Sìdíkátù.


Bradford.
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Mutmainnah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ìwọ ni mo kọ èyí sí. Kà á fún Ìyá, má jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á, má sì fo ibì kankan. O ti fẹ́ fo ibì kan nítorí tèmi nígbà kan, mo gbọ́, ojú tì mí.

Mọ́tò yẹn kì í ṣe tèmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni mo ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta tí mo ti dé, mi ò fẹsẹ̀ kan ọ́fíìsì rí àfi kí n nu ojú fèrèsé rẹ̀. Ọ̀gá wa wọlé lọ mu tíì lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí ẹnìkejì mi yà mí kíá kí oníbàárà tó dé. Kóòtù tó wà lọ́rùn mi, ti oníbàárà náà ni. Aṣọ iṣẹ́ mi tó rin gbindin wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé mo di kóòtù náà mú. Àwa mẹ́rin là ń sùn nínú yàrá kan. Gbèsè tí mo fi débí, mi ò tí ì san ìdajì.

Nígbà tí Ìyá ní àwọn tẹ fọ́tò náà jáde, ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ní ọkùnrin náà dúró tì í, mo ti mọ̀ pé òun ló máa dá wa lóró. Mo wá kó ìbínú mi lé àga lórí, torí àga kò lè fèsì. Ìyá yá àga fún wákàtí méjì. Èmi yá mọ́tò, mo sì gbé e kọ́ ara ògiri yín. Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ̀yin lẹ jàre, èmi ni mo jẹ̀bi.

Ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé yìí jáde ní Bẹẹrẹ, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ mú un lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah. Mo ti kọ orúkọ ibi iṣẹ́ mi àti nọ́ńbà wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó pè wọ́n.

Mutmainnah, inú ń bí ọ, ó yẹ kó máa bí ọ. Má gbé bírò kalẹ̀ fún wọn. Èmi gbé tèmi kalẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé mo ń fi ìyà jẹ wọ́n, wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Bí o bá máa bínú, bínú sórí ìwé.

Bàbá rẹ,
Abdulmajeed.


Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Abdulmajeed ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. O mọ ọwọ́ tó kọ èyí. Ó gba bírò padà lọ́jọ́ tó ka ìwé rẹ tán.

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe nítorí mọ́tò. Aṣọ tó tutù tí o wọ̀ sábẹ́ kóòtù, ìyẹn ló pa mí lẹ́kún. Iṣẹ́ tí o ń ṣe, iṣẹ́ ni. Èmi ń fọ ìgò, ìwọ ń fọ mọ́tò, ta ni yóò bú wa?

A mú ìwé náà lọ. Wọ́n jẹ́ kí a wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah kà á, ó pa á pọ̀, ó ní, "Ìyá, ẹnikẹ́ni ló lè kọ irú èyí. Ẹ mú ẹ̀rí wá pé kò ní mọ́tò." Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mú ohun tí kò sí wá. Mo ní kó pe nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé. Ó ní àyè ti kún, kò sí ohun tí ìpè máa ṣe. Mo wá sọ ti Ọláyínká àti yàrá Ọ̀rányàn fún un. Ojú rẹ̀ yí padà, ó ní kí n ṣọ́ ẹnu mi, pé ẹni iyì ni. Nígbà tí a ń jáde, ọmọ Ọláyínká kọjá nínú yúnífọ́ọ̀mù. Mutmainnah, tó mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ ìdánwò, wò ó títí tó fi wọ kíláàsì.

Ó ti wọ ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí wa báyìí. Ọmọ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún wà nínú kíláàsì kan. Kò sí àga. Wọ́n ní kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ ti ilé bọ̀, ẹni tí kò bá ní, kó jókòó sílẹ̀. Ìyá Grace ló gbé ọ̀kan jáde lára àwọn àga pupa yẹn, ó ní òun fi ta á lọ́rẹ. Mutmainnah rù ú gba inú Ọjà'ba kọjá, àwọn èèyàn ń bi í bóyá ìnáwó ló ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i pé ẹ̀yìn yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ kún fún erùpẹ̀. Mo bi í, kò fẹ́ sọ. Mo rọ̀ ọ́ títí. Tíṣà ló ní kí ó gbé àga náà wá síwájú, tíṣà ló ń jókòó sí i, òun ń jókòó sílẹ̀.

Abdulmajeed, ìbínú tí mo ti ń gbé pamọ́ láti oṣù kẹfà, gbogbo rẹ̀ ni mo dì mọ́ gèlè lọ sílé-ìwé yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Hezekiah tí mi ò rí sọ, mo fẹ́ sọ ọ́ fún tíṣà yẹn níwájú ọmọ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Mo ti ẹnu ọ̀nà kígbe wọlé. Obìnrin kékeré kan ló yíjú padà. Ó lóyún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí ìrọ̀rí. Ó ń kọ nǹkan sára ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Kó tó gbọ́ ohun tí mo bá wá, ó ti kúnlẹ̀ kí mi, ó fa àga Ìyá Grace sún mọ́ mi, ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó, ó ti rẹ̀ yín." Wọn kò fún òun náà ní àga. Ó ní láti ọdún méjì tí òun ti ń kọ́ wọn níbẹ̀, orí ìdúró ni.

Mi ò jókòó. Mo ní kí ó jókòó. Mo gbé ìbínú mi padà sílé, nítorí ẹni tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì rí ẹni tó ni ín.

Nígbà tí mo délé, mo kó ìgò kúrò nínú kéréètì kan, mo da ojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi aṣọ wé e. Òun ni Mutmainnah ń gbé lọ báyìí. Mi ò fi ìgò pamọ́ mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà.

Ọlọ́hun yóò fún ọ ní tìrẹ. Máa wọ aṣọ gbígbẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Sìdíkátù.

Bàbá mi, èmi Mutmainnah ni. Èyí kì í ṣe àfibọ̀, Ìyá ló ní kí n sọ ọ́ fún yín fúnra mi. Mo ti já fọ́tò yín kúrò nínú fírémù, mo kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo wá fi ẹ̀yìn rẹ̀ síta, mo gbé e padà sára ògiri. Ohun tí mo kọ nìyí: "Bàbá mi ló fọ mọ́tò yìí, òun kọ́ ló ni ín. Ìyá mi àgbà ń ta ìgò. Mo ṣe ipò kejì nínú irinwó." Mo tún kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀, kí Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah má baà ní òun ò rí i kà. Ìyá bi mí pé kí ló wà níbẹ̀, mo kà á fún wọn. Mo rò pé wọ́n á ní kí n yí i padà. Wọ́n ní kí n gbé e wálẹ̀ díẹ̀ sí i, kó bá ojú ẹni tó bá wọlé mu, pé àlejò tó bá tún wá wò wá, kó kọ́kọ́ ka ìyẹn kó tó jókòó.